Ó Ki Orúkọ Olórúkọ Bọ Àpò

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Tí ọ̀rọ̀ bá dé etí mi, inú mi ló ń sùn sí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ ní Abossey Okai lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbìyànjú láti gbé e mì, ó há mi lọ́fun. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà pariwo.

Ẹni tó bá mọ Accra mọ Abossey Okai. Tí ẹ bá ti kọjá mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn, ẹ́ńjìnnì ni ẹ ó máa rí nílẹ̀ bí iṣu lọ́jọ́ ọjà: gíábọ́ọ̀sì, rédíétọ̀, ṣọ́ọ̀kì, iná iwájú, ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ sí mọ́. Mo lọ wá ṣọ́ọ̀kì, mẹkáníìkì ní kí n jókòó ná, mo bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà ìyá kan, ọmọ Ọ̀fà, tó ń ta waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè. Ẹ mọ̀ pé níbi tí oúnjẹ bá wà, ọ̀rọ̀ kì í jìnnà síbẹ̀.

Ìyá wò mí, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí ojú Alhaji rí?"

Mo ní Alhaji wo? Nítorí ní Abossey Okai, tí ẹ bá ju òkò sókè, orí Alhaji ló máa bà.

"Alhaji wa! Ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní ìlà àkọ́kọ́."

Háà! Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lè mọ̀ ọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi mí.

Bí ìyá ṣe rò ó fún mi nìyí, èmi ò sí níbẹ̀ o. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ọmọ Alhaji rọ̀ ọ́ pé kó ní ìkànnì tirẹ̀ lórí ayélujára. Ọmọkùnrin kan ló bá a ṣe é. Kì í ṣe àjèjì. Inú ilé Alhaji ló ti ń jẹun, òun ni Alhaji ń ké sí tí fóònù rẹ̀ bá dákú. Ìkànnì náà sì dára. Àwòrán ọjà wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà Alhaji wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà ní Tamale á wo ẹ́ńjìnnì, á pe Alhaji, á fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lórí MoMo, owó orí fóònù, wọ́n á sì di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Alhaji ò kúrò lórí àga rẹ̀, ó ń tajà dé àríwá Gánà.

Ni owó ìkànnì ọdún kan bá kù nílẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́! Ọmọ náà béèrè, Alhaji ní kó padà wá lọ́la. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Alhaji bú u lójú èrò pé kí ló tún ń ṣe ju pé ó ń tẹ fóònù kiri. Ọmọ náà ò fèsì. Ọmọ tí wọ́n bú lójú ayé tí kò fèsì, ẹ yáa bẹ̀ ẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ó dé ilé, ó tẹ ohun tó ń tẹ̀, ó gbé orúkọ ìkànnì Alhaji kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó wà, ó gbé e lọ síbòmíràn, ó sì tà á. Ta ló tà á fún? Ẹ dì mí mú. Ọmọ iṣẹ́ Alhaji fúnra rẹ̀ ni, èyí tó ṣe fírídọ́ọ̀mù láìpẹ́ yìí, tí Alhaji gbàdúrà lé lórí, tó wá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìlà kejì!

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ bá tẹ orúkọ Alhaji, ọjà Alhaji ni ẹ ó rí, fóònù ọmọ iṣẹ́ ni yóò dún. Oníbàárà kan ní Tamale sanwó gíábọ́ọ̀sì, ó retí ẹrù títí, ó wá pe Alhaji lórí nọ́ńbà àtijọ́ tó ní lọ́wọ́. Alhaji búra pé kọ́bọ̀ ò wọlé sọ́wọ́ òun. Oníbàárà pè é lólè. Ọkùnrin tó ti re Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì! Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Mo ṣe háà fún ọmọ náà, mo pòṣé fún ọmọ iṣẹ́. Àfi ìgbà tí mo wá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Orúkọ ta ni wọ́n fi gba ìkànnì náà?" Ṣíbí waakye dúró lókè. Orúkọ ọmọ náà ni. Ímeèlì ọmọ náà ni. Káàdì ọmọ náà ni wọ́n fi sanwó. Alhaji ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ìkànnì ní ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pariwo. Ẹ wo ọkùnrin yìí o. Kì í ra ẹ́ńjìnnì láì bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọlọ́dẹ wà níta. Tó bá fẹ́ tẹ PIN MoMo rẹ̀, ìyàwó ló ń kẹ̀yìn sí. Ọkùnrin tó ń fi PIN pa mọ́ fún ìyàwó ilé ló gbé orúkọ tó ti fi ń tajà láti bí ogún ọdún fún ọmọ tó ń jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì béèrè ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń mirí láì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n là á. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí à ń rà pa. Owó rẹ̀ ń tán bíi rẹ́ǹtì, a sì ní láti tún un san. Ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ ló ń kọ ọ́ síwèé: ta ló ni ín, ímeèlì wo ni wọ́n fi lè rí i, ọjọ́ wo lowó rẹ̀ máa tán. Tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé e kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ohun méjì ló dúró lọ́nà. Èkíní ni àgádágodo: tí ẹ bá tì í, orúkọ náà ò ní ṣí kúrò níbi tó wà. Èkejì ni kóòdù ìkọ̀kọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ tuntun máa béèrè kó tó gbà á wọlé. Ẹni tó lè wọ àkáǹtì orúkọ náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ló lè ṣí àgádágodo, òun náà ló lè gba kóòdù. Ta ló wá lè wọ àkáǹtì? Ẹni tó ni ímeèlì ni, nítorí tó bá ní òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, inú ímeèlì yẹn ni wọ́n máa fi ọ̀nà àtiṣe tuntun ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ni ímeèlì ló ni ilé. Ẹni tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, àlejò ni.

Kì í sì í ṣe òpè nìkan ló ń jìn sí kòtò yìí. Panix, ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn ará New York ní ayélujára, jí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 2005, ó bá panix.com lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà. Lẹ́tà àwọn oníbàárà ń gba ibi tí olúwa wọn ò mọ̀ lọ. Kò tíì ju nǹkan bí oṣù méjì lọ nígbà náà tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé, mú òfin tuntun wá: bí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá fèsì láàárín ọjọ́ 5, kí orúkọ máa lọ. Ẹ gbọ́ mi lédè! Wọ́n wá tọrọ ọmọ yín, ẹ ò sí nílé, wọ́n ní dídákẹ́ yín ni "bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n bá gbé ìyàwó lọ. Àgádágodo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń gbani lọ́wọ́ irú àna bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá ìtìjú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì dùn mí pé n kò lè sọ ọ́ láì tọ́ka sí orúkọ ìkànnì náà. Ẹnu mi ò gbà á. Lẹ́tà mẹ́ta ni, kí dọ́ọ̀tì kọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ tí tọkọtaya ń ṣe lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ má díbọ́n. Gary Kremen, ọkùnrin tó dá Match.com sílẹ̀, ló gba orúkọ yẹn ní ọdún 1994 lọ́dọ̀ Network Solutions, lọ́fẹ̀ẹ́, lórúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó pè ní Online Classifieds. Nígbà yẹn, Stephen Cohen wà lẹ́wọ̀n, nítorí ó pe ara rẹ̀ ní lọ́yà, kì í sì í ṣe lọ́yà. Ó jáde lẹ́wọ̀n ní ọdún 1995. Ẹlòmíràn á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́. Cohen jókòó, ó kọ lẹ́tà.

Ó ní Online Classifieds ló kọ lẹ́tà ọ̀hún sí òun. Lẹ́tà ní wọ́n ti lé Kremen kúrò níṣẹ́, pé ilé-iṣẹ́ ti pinnu láti yọwọ́ nínú orúkọ náà kí Cohen máa lò ó. Lẹ́tà tún ní ilé-iṣẹ́ náà kò ní ayélujára, kí Cohen jọ̀ọ́ bá wọn fi tó Network Solutions létí. Ẹ dúró síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Online kò ní ayélujára! Ó dà bí ẹni tó ní òun ń ta ẹ̀kọ, tó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àgbàdo. Network Solutions ka lẹ́tà yìí, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò pe Kremen lórí fóònù, wọ́n gbé orúkọ olórúkọ fún Cohen.

Kremen kò dákẹ́. Ní ọdún 2000, kóòtù ní kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, nígbà tó sì di 2001, wọ́n dá Cohen lẹ́bi mílíọ̀nù 65 dọ́là. Ṣé ó san án? Ó ti kó owó sá kúrò nílùú, òun náà sì tẹ̀lé owó dé Mẹ́síkò. Kremen lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ iwájú ìkànnì tó gbà padà, ó ní ẹni tó bá mú un wá yóò gba 50,000 dọ́là. Ẹ fojú inú wo àwọn tó ń yọ́ wá síbẹ̀ lóru wá wo ìwòkuwò, tí wọ́n wá ń pàdé ojú olè! Ọdún 2005 ni ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní Mẹ́síkò. Ohun tó wà fún èmi àti ẹ̀yin nínú ẹjọ́ yìí ni èyí: ní ọdún 2003, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ pé ohun ìní ni orúkọ ìkànnì, bí ilé, bí mọ́tò, àti pé ilé-iṣẹ́ tó bá gbé e fún olè lè jẹ́jọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọdún 2006, ọkùnrin kan ní New Jersey, Daniel Goncalves, yọ́ wọ inú ímeèlì onímeèlì, ó sì ti ibẹ̀ gbé P2P.com lọ. Ó tà á lórí eBay fún Mark Madsen, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA, ní owó tó lé ní 110,000 dọ́là. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni wọ́n fi í sí ní 2011. Madsen ò mọ̀ pé ọjà olè ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ Alhaji ńkọ́? Òun mọ orúkọ tó ń rà! Abẹ́ orúkọ yẹn ló ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Èyí tó kù, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ọ̀dọ́kùnrin kan, Rossi Adams, ń fojú sí orúkọ kan, doitforstate.com. Olórúkọ ní òun ò tà. Ó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní òun ò tà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Adams rán ọmọ ìyekan rẹ̀, Sherman Hopkins, lọ sílé olórúkọ pẹ̀lú ìbọn. Hopkins fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin bo orí, ó fi awò dúdú bojú, ó sì mú ìwé pélébé kan dání tí Adams kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé orúkọ ìkànnì sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó na ìbọn sí olórúkọ lórí, ó ní kó tan kọ̀ǹpútà, kó máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Olórúkọ bá a jìjàkadì. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó já ìbọn gbà, ó sì yìn ín padà. Àwọn méjèèjì yè é. Hopkins gba ẹ̀wọ̀n ọdún 20, Adams gba 14. Nítorí orúkọ! Nílé wa náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ariwo gba Nàìjíríà kan nípa ìkànnì GTBank, títí ilé ìfowópamọ́ náà fi jáde sọ pé wọ́n gbìyànjú láti fọwọ́ kan orúkọ ìkànnì àwọn, ṣùgbọ́n àṣírí oníbàárà kankan kò tú.

Mo wá padà sọ́dọ̀ ìyá waakye. Mo ní kí ló dé tí Alhaji ò lọ sí ọlọ́pàá? Kí ló dé tí kò gba kóòtù lọ? Gánà kì í ṣe ìlú tí kò ní òfin. Láti ọdún 2008 ni òfin Act 772 ti wà lórí òwò ayélujára, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ilé ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún orúkọ tó bá parí sí .gh.

Ìyá tún wo ẹ̀yìn. Ó gbé ìdérí bo ìkòkò. Ó ní, "Àǹtí, orúkọ ta lẹ rò pé ó wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù gan-an?"

Ẹ̀rù bà mí láti dáhùn. Ẹ mọ ohun tí òfin ìdókòòwò Gánà ti ọdún 2013, Act 865, kọ sílẹ̀: ọmọ onílẹ̀ nìkan ni pípàtẹ nínú ọjà wà fún, àjèjì tó bá sì fẹ́ ṣe káràkátà ní láti mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Alhaji ò ní mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ onílẹ̀, ló kọ orúkọ sílẹ̀ fún un. Tó bá wá dé iwájú adájọ́ tó ní orúkọ òun ni wọ́n jí, adájọ́ máa ní kó mú ìwé wá. Ìwé ṣọ́ọ̀bù, ti ọ̀rẹ́. Ìwé ìkànnì, ti ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí Alhaji lè fi hàn pé tòun ni, ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ni. Mo ṣe tọ̀ọ̀, ẹnu mi ò lè pa dé. Ẹni tó sá pa mọ́ sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn, ta ni yóò ké pè pé wọ́n jí tòun?

Àwa Yorùbá ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà yìí pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, àwọn tó ti ń tajà nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ tó lé wọn, wọ́n di ẹrù, wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ pé àwọn ń bọ̀. Ẹni tí ojú bàbá rẹ̀ rí ìyẹn, kí ló tún mú un fi orúkọ ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí, torí pé ọmọ náà mọ fóònù tẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹjọ́ tèmi, kí n máa lọ. Ọmọ tó gbé orúkọ, olè ni. Gbèsè tí Alhaji jẹ ẹ́ kò sọ ọ́ di olódodo. Ó lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ọjà. Ọmọ iṣẹ́ tó rà á burú jù ú lọ, nítorí òun mọ adùn tó wà lára orúkọ yẹn, ó sì tún gba owó gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ará Tamale lé e lórí. Alhaji jẹ̀bi nílọ̀ọ́po méjì: ó jẹ owó òṣìṣẹ́, ó sì ń ṣọ́ irin, kò ṣọ́ orúkọ.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, ẹ gbé fóònù yín. Ẹ pe ọmọ tó ṣe ìkànnì yín lónìí, tí ẹ ò tíì jà, tí ẹ ò tíì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ bi í pé orúkọ ta ló wà níwèé. Tí kì í bá ṣe tiyín, kó yí i padà. Ẹ fi ímeèlì yín síbẹ̀, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣí, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín, kó sì máa béèrè kóòdù lórí fóònù yín kó tó ṣí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó ti àgádágodo ìgbélọ. Ẹ sanwó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Tí lẹ́tà bá dé pé ẹnì kan fẹ́ gbé orúkọ yín lọ, ẹ má sùn lé e lórí, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ .com tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kì í sábà ṣeé tún gbé kí ọjọ́ 60 tó pé, nítorí náà ẹni tó bá tètè figbe ta ṣì lè bá a níbi tí olè gbé e sí.

Ẹ sì san owó ọmọ olówó. Èmi ti gba ṣọ́ọ̀kì mi, mo ti lọ. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ ò rí mi.